Iyèméjì àti Ojúṣe Ẹni tí Ajá Gé Jẹ

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, tí ọgbẹ́ náà kò ju ojú kékeré tí eyín ti bó awọ lọ, ohun tí àwọn tí ó wà nítòsí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ajá náà ní àrùn dìgbòlugi, èyíinì ni àrùn tí kòkòrò àìfojúrí inú itọ́ ẹranko ń fà, tí ó ń gba ojú iṣan ìmọ̀lára rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìbéèrè oníṣègùn ni èyí, ṣùgbọ́n òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn ti ń jiyàn lé lórí tipẹ́: kí ni ó tọ́ kí ènìyàn ṣe sí ewu tí kò dá a lójú, tí ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ó má sí rárá, nígbà tí ó jẹ́ pé bí ó bá wà lóòótọ́, kò ní àtúnṣe?

Bí àrùn náà ti ń ṣe ni ó sọ ìbéèrè yìí di líle. Láti ìgbà tí ajá gé ènìyàn jẹ títí di ìgbà tí àìsàn fara hàn, oṣù méjì sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó pẹ́ tó ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yìí ara ẹni náà lè le koko, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì lè dènà àrùn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ti ń ba aláìsàn lẹ́rù, tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún pọ̀ bí ó bá ti fẹ́ mu ún, ẹ̀rí ti dé, oògùn kò sì ràn án mọ́, nítorí pé àwọn tí ó yè é lẹ́yìn ìgbà náà kò tó nǹkan ní gbogbo àgbáyé. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dúró de ìdánilójú kí òun tó ṣe ohunkóhun, ohun tí kò lè ṣe é láǹfààní ni ó ń dúró dè.

W. K. Clifford, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ kan ní 1877 níbi tí ó ti là á kalẹ̀ pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohun kan gbọ́ láìsí ẹ̀rí tí ó tó. Ó rọrùn láti fi òfin yìí dá ẹni tí ó sáré lọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́bi, pé ẹ̀rí wo ni ó ní pé ajá náà ya dìgbòlugi. Àpẹẹrẹ Clifford fúnra rẹ̀ ta ko ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀: olówó ọkọ̀ ojú omi kan ni, tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti gbó, tí ó fi ọ̀rọ̀ tu ara rẹ̀ nínú títí ó fi gbà pé kò sí ewu, tí ó sì jẹ́ kí ó gbéra pẹ̀lú èrò nínú, Clifford ní ẹ̀bi rẹ̀ kò dín kù bí ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Irú olówó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń sọ fún aládùúgbò tí ajá rẹ̀ gé jẹ pé, “Ajá ilé ni, kì í ṣe ajá ìgboro, ẹ fọkàn balẹ̀,” nígbà tí kò lè mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá náà jáde. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́.

Èrò Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1670 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ó sún mọ́ ọ̀ràn yìí jù, nítorí pé ó ní kí ènìyàn fi ohun kékeré tí yóò pàdánù bí kò bá sí Ọlọ́run wé èrè aláìlópin tí yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí Ó bá wà, kí ó sì yan ìgbàgbọ́. Àtakò méjì ni wọ́n máa ń ṣe sí i: pé ọkàn kì í gba àṣẹ láti gbàgbọ́, àti pé bí gbogbo ìbẹ̀rù tí àdánù rẹ̀ kò lópin bá di dandan, ènìyàn kò ní í lè jáde nílé. Àkọ́kọ́ kò kan ọ̀ràn ajá, nítorí pé apá ni abẹ́rẹ́ ń béèrè, ẹni tí kò gbà rárá pé ajá náà ṣàìsàn lè gba abẹ́rẹ́ kí ó sì ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Èkejì ni ó ní láárí, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìpínsọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Ẹni tí ajá lá ní ibi tí awọ rẹ̀ kò ti bó kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Ẹni tí eyín tàbí èékánná ajá ha lára láìsí ẹ̀jẹ̀ yóò fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì gba àjẹsára. Ẹni tí eyín dá awọ rẹ̀ lu, tàbí tí ajá lá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, yóò tún gba èròjà kan tí wọ́n ń fi sí ojú ọgbẹ́ láti kojú kòkòrò náà kí ara tó pèsè ohun ìjà tirẹ̀. Bóyá ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún itọ́ láti wọlé ni ìpín yìí ń wò, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù tí ó mọ́gbọ́n dání ti yàtọ̀ sí ojo.

Mùsùlùmí tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ibi tí òfin ìdánilójú wọlé sí, èyíinì ni òfin tí àwọn àáfà fi ń kọ́ni pé ẹni tí ó dá lójú pé òun ṣe àlùwàlá, tí ó wá ń ṣiyèméjì bóyá ó ti bàjẹ́, àlùwàlá rẹ̀ ṣì dúró. Òfin náà kò gba ẹni tí ajá gé jẹ láyè láti jókòó lórí ìlera àná, nítorí pé àánú Ọlọ́run bo àṣìṣe inú àlùwàlá, ṣùgbọ́n àṣìṣe nípa dìgbòlugi ń pani, àwọn onímọ̀ òfin kan náà sì fi lélẹ̀ pé a gbọ́dọ̀ mú ìnira kúrò. Ohun tí ó bá òfin ìdánilójú mu jù ni kí wọ́n so ajá náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10 nígbà tí ẹni tí ó gé jẹ ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, nítorí pé ajá tí kòkòrò náà ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó géni jẹ yóò ti ṣàìsàn tàbí kú kí ọjọ́ wọ̀nyí tó pé. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ tí ó kù dúró. Ṣùgbọ́n kùmọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bá irú ajá bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ìbínú a sì pa ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ti kú, orí rẹ̀ ni a ó gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò, nítorí inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń wá kòkòrò náà. Níbi tí wọ́n bá sì ti sè é jẹ, bí wọ́n ti ń jẹ ajá ní Oǹdó àti láwọn ibi mìíràn, ẹni tí ó gé jẹ yóò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, àwọn tí ó kun ẹran náà, tí wọ́n fọwọ́ kan ọpọlọ àti itọ́ rẹ̀, yóò sì ní ìbéèrè tiwọn láti dáhùn.