Ta Ni Ooru Ìkọlù Ń Mú?

Bí agboolé púpọ̀ ṣe ń para pọ̀ di ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbo ìràwọ̀ ṣe ń kó jọ di àwùjọ ńláńlá. Nígbà mìíràn, àwùjọ méjì a kọlu ara wọn. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Bullet Cluster. Àwọn agbo ìràwọ̀ ibẹ̀ kọjá láàrin ara wọn láìfarapa. Gáàsì tí ó wà láàrin wọn ni ó forí gbárí, tí ìgbì ìkọlù sì mú un gbóná kọjá mílíọ̀nù 100 ìwọ̀n Celsius. Ojú lásán kò lè rí ooru náà. Chandra, ẹ̀rọ awò tí ń fi X-ray ríran, tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní 1999, ni ó fi í hàn wá.

Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, ti rí ìkọlù tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá wá bá ààfin níbẹ̀. Ọ̀kan kò wó èkejì. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ di ilé-iṣẹ́, àti òṣìṣẹ́ tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ wá sí Ṣàngó, ni ooru mú. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa fi iye ilé-iṣẹ́ nìkan díwọ̀n ìlọsíwájú? Kò tọ́. Ní ọ̀run, kò sí ẹni tí a lè bi. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ṣe ètò Ọ̀tà. Ènìyàn ni yóò dáhùn.