MÁ JẸ́ KÍ OHUNKÓHUN ṢÒFÒ

Bíbélì Kíkà: Jòhánù 6:5-13
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Jòhánù 6:12

Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jẹun yó tán, Olúwa wa pàṣẹ kí wọ́n kó àjẹkù jọ. Ẹni tó lè sọ ìṣù àkàrà márùn-ún di púpọ̀ kò fẹ́ kí èérún kan ṣòfò!

Nílẹ̀ wa, bí obìnrin bá bímọ tán, wọn a gé ìwọ́ ọmọ, wọn a sì ri olóbí mọ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ńṣe ni wọ́n ń dà á nù. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ìyè pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù nínú ìwọ́ náà. Irúgbìn ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní stem cell, wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fà á sára aláìsàn tí ó bá mu, ó lè máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun fún un.

Ní oṣù October 1988, ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní ìlú Paris, Dókítà Eliane Gluckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan láti Amẹ́ríkà. Àrùn Fanconi kò jẹ́ kí mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tó. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bí àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ìkókó náà kí ó tó dì, wọ́n fi í pamọ́ sínú òtútù líle, wọ́n sì gbé e lọ sí Paris. Kò dun ìyá, kò dun ọmọ. Ohun tí wọn ìbá dà nù ni Ọlọ́run fi gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n là. Ọmọ náà dàgbà di géńdé!

Láti ìgbà náà, irú ìtọ́jú yìí ti ju 40,000 lọ káàkiri ayé. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn ọmọ kan tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ti rí ìwòsàn nípasẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe oògùn gbogbonìṣe o. Ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń tà á bẹ́ẹ̀.

Olùfẹ́, ẹ̀jẹ̀ yìí ti wà nínú ìwọ́ láti ìgbà tí Éfà ti bí Kéènì. Ohun tó yí padà ni pé ẹnìkan mọ iyì rẹ̀, ó sì dúró dè é pẹ̀lú ohun èlò mímọ́. Kí ni ìwọ fẹ́ dà nù láàárọ̀ yìí? Ṣé ọmọ tó fìdí rẹmi níléèwé ni? Ṣé ọmọ olókùnrùn tí o ti ń ka owó ìtọ́jú rẹ̀ sí òfò? Má sọ pé ó ti tán. Gbàdúrà fún un, kí o sì tún gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà náà ló fi ìwòsàn sínú ìwọ́ ọmọ. Ohun tí ènìyàn pè ní àjẹkù nínú ayé rẹ yóò di ìyè fún ẹlòmíràn, ní orúkọ Jésù.

Kókó Àdúrà:
1. Baba, là mí lójú kí n rí iyì ohun tí mo fẹ́ dà nù.
2. Olúwa, wo gbogbo ọmọ tí àrùn ẹ̀jẹ̀ ń bá jà nínú ìjọ wa sàn.
3. Baba, fi ọgbọ́n fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.