Ohun Tó Wọlé, Ohun Tó Jáde, Ohun Tó Kù

Kí ni ọmọ ènìyàn lè mọ̀ nípa ohun tí kì í dúró? Òkúta á dúró kí a wọ̀n ọ́n. Omi tí a fẹ́ mọ̀ ti lọ kí a tó fọwọ́ kàn án; afẹ́fẹ́ kò jẹ́ ká rí òun rárá; ooru a máa gba inú irin kọjá láìfi àpá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló gbé ìgbésí ayé wa ró, láti orí èémí imú wa títí dé iná ìdáná wa.

Kì í ṣe pé òfin ìṣàn kò sí lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 1822, Claude-Louis Navier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, kọ ìdọ́gba kan sílẹ̀ nípa bí omi ṣe ń rìn; ní 1845, George Stokes, tí wọ́n bí ní Ireland, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ìdọ́gba náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2000, ilé ìwádìí ìṣirò Clay ní Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù kan dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn bóyá ìdáhùn rẹ̀ á máa wà nígbà gbogbo láìjá láìfọ́. Owó náà ṣì wà nílẹ̀. A mọ òfin, a kò mọ ìdáhùn. Ṣé ká wá káwọ́ lẹ́rán ni?

Brian Spalding kò káwọ́ lẹ́rán. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìrìn ooru ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1974, ó dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ CHAM. Ohun mẹ́ta ló wà nínú orúkọ náà: bí èròjà kan ṣe pọ̀ tó nínú òmíràn, ooru, àti agbára ìrìn. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé wọn kò bára tan. Spalding rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: ìṣàn a gbé wọn lọ, wọn a tàn láti ibi tí wọ́n ti pọ̀ dé ibi tí wọ́n ti kéré, ohun kan a sì máa fi kún wọn tàbí kó dín wọn kù. Iyọ̀ tó ń yọ́ nínú omi àti ooru tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, irú ìdọ́gba kan náà ló ṣàpèjúwe wọn.

Dípò kí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa lépa odò lódindi, wọ́n pín in sí yàrá kéékèèké, wọ́n sì bi yàrá kọ̀ọ̀kan léèrè: kí ló wọlé, kí ló jáde, kí ló kù? Ìṣirò ìyálọ́jà ni: ẹrù tó gbé wá láàárọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó tà àti èyí tó kù mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Mo rí ìwà ọmọlúàbí nínú ìlànà yìí. Kò gbà kí ohunkóhun pòórá láìjẹ́ pé a mọ ibi tó gbà. Ohun tó jáde nínú yàrá kan ni yóò wọ yàrá tó múlé tì í, nítorí náà kò sí yàrá tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò kò kan òun.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Ìyára omi la fi ń mọ ìfúnpá rẹ̀, ìfúnpá náà la sì fi ń mọ ìyára. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Ní 1972, Spalding àti Suhas Patankar, ọmọ Íńdíà tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbé ọ̀nà tí a mọ̀ sí SIMPLE jáde. Fojú bu ìfúnpá ná. Fi ṣírò ìyára. Yẹ yàrá kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ohun tó wọlé bá ohun tó jáde mu? Bí kò bá bá a mu, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni yóò sọ bí o ṣe máa tún ìfojúbù rẹ ṣe. Tún un ṣe, kí o tún bẹ̀rẹ̀, títí ìyàtọ̀ náà yóò fi kéré débi tí kò já mọ́ nǹkan.

Ibí yìí lọkàn mi dúró sí jù. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àṣìṣe lọ̀tá ìmọ̀. Níbí, àṣìṣe ló ń júwe ọ̀nà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti fojú bu nǹkan kò ní kúrò lójú kan. Ẹni tó fojú bù ú tí kò yẹ̀ ẹ́ wò yóò rìn jìnnà sínú ìṣìnà. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní rí àtúnṣe bí ìtìjú.

Ètò kọ̀ǹpútà kan fún ìṣòro kan ni iléeṣẹ́ CHAM kọ́kọ́ ń ṣe. Ní 1981, wọ́n gbé PHOENICS jáde, ètò kan ṣoṣo tí oníbàárà lè fi ṣírò oríṣiríṣi ìṣàn, ìbáà jẹ́ iná inú ààrò ńlá tàbí afẹ́fẹ́ inú yàrá. Spalding kú ní 2016. Ìlànà rẹ̀ kò bá a lọ.

Àmọ́ ká ṣọ́ra. Ìṣirò lè bára mu nínú gbogbo yàrá, kí àwòrán rẹ̀ sì wuni, síbẹ̀ kó jẹ́ irọ́, bí ohun tí a kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà kò bá jóòótọ́. Bí àpẹẹrẹ, ìrúkèrúdò inú omi pọ̀ ju ohun tí yàrá wọ̀nyẹn lè gbà. Ìdí nìyẹn tí Spalding àti Brian Launder fi lo ìdiwọ̀n méjì péré láti ṣojú fún un: agbára tó wà nínú rẹ̀, àti bó ṣe ń yára rọlẹ̀ tó. Aṣojú ni, omi gidi ṣì wà níta, òun la sì gbọ́dọ̀ padà lọ wọ̀n.

Ìdájọ́ mi ni pé ènìyàn kò nílò láti mọ ohun kan tán kó tó lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ kan tóbi jù lọ́wọ́ rẹ, pín in. Sọ èrò rẹ síta, jẹ́ kí òtítọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, má sì ṣe gbéra ga jù láti tún un ṣe.