Ìwọ̀fà àti Olówó: Ojú Tí A Fi Ń Wo Owó Tí Ṣáínà Yá Wa

Bí a bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní àròkọ àríyànjiyàn lórí orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń pín sí. Àwọn kan a ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni Ṣáínà jẹ́ sí wa, wọn a sì tọ́ka sí ojú irin tuntun tí ó wà láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn yòókù a ní amúnisìn mìíràn ni, pé àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀ sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní Ìwó níbí. Èrò tèmi ni pé kò sí èyí tí ó kan ìdí ọ̀rọ̀ nínú méjèèjì. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ọ̀ràn yìí mu ju ‘ọ̀rẹ́’ àti ‘amúnisìn’ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ̀fà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó rò pé ọ̀kan náà ni ìwọ̀fà àti ẹrú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣe àlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, òmìnira ìwọ̀fà kò sọnù, ipò rẹ̀ láwùjọ kò sì yí padà. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ilé ara rẹ̀ ni ó ń gbé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní oko olówó ni èlé orí owó náà. Iṣẹ́ yìí ní òdiwọ̀n, ìyókù ọjọ́ sì jẹ́ tirẹ̀ láti fi ro oko ara rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá pé, ọjọ́ náà ni ìsìn tán. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá pé, iṣẹ́ ogún ọdún kò lè dín ohunkóhun kù nínú rẹ̀.

Èyí tí ó korò níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó yá owó kọ́ ni ó máa ń sìn nígbà gbogbo. Baba lè yá owó fi ṣe òkú, kí ó sì fi ọmọ rẹ̀ dúró fún owó náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ilé baba rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ olówó ni ó ń sùn, ibẹ̀ ni ó ń jí. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ka owó. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí.

Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ ẹni tí olówó wa jẹ́. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní 1842, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun gba Hong Kong lọ́wọ́ Ṣáínà. Ní 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ní 1901, ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Owó àyálò ni ìjọba amúnisìn fi ṣe é, orí owó tí ń wọlé fún Èkó ni a sì di ẹrù gbèsè náà lé. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn àgbẹ̀ wa léèrè. Ní 1901 yìí kan náà, àwọn alágbára Yúróòpù, pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Jàpáánì, fi ipá mú Ṣáínà tọwọ́ bọ ìwé pé yóò san 450 mílíọ̀nù tael, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n fàdákà wọn, láàrin ọdún 39, gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn fún ọ̀tẹ̀ àwọn Boxer. Ẹni tí ó ń yá wa lówó lónìí ń sin ìsìn tirẹ̀ nígbà náà.

Báwo ni ó ṣe wá di olówó? Àwọn òpìtàn a máa dárúkọ 1978, tí Deng Xiaoping àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tún ètò ọrọ̀ ajé ṣe. Wọn a dárúkọ 2001, tí Ṣáínà wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, àti 2010, tí ó gba ipò kejì mọ́ Jàpáánì lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni èmi yóò mú, nítorí ó kan wá. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Jámánì ti ń to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ ní Èkó láti 1975. Ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Shanghai. Èkó ni ó ṣáájú! Ṣùgbọ́n ní Shanghai, ìjọba wọn tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ máa di èyí tí a ń ṣe nílé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ náà. Ní Èkó, ẹ̀yà tí a kó ti òkè òkun dé ni a ń tò. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, iṣẹ́ náà rọ, kí ọdún 2000 tó dé ó ti kógbá sílé. Wọ́n fi ìyókù ọjọ́ wọn ro oko ara wọn. Àwa ńkọ́? Fóònù Tecno tí ó wà lápò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, Shenzhen ni olú ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka owó náà. Ọ́fíìsì tí ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní ìparí oṣù kẹta 2020, bílíọ̀nù dọ́là 3.121 ni a jẹ Ṣáínà. Kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gbèsè wa nígbà náà. Èlé rẹ̀ jẹ́ dọ́là méjì àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ogún ọdún ni a ó fi san án, a kò sì ní í dá ojú owó padà fún ọdún méje àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ti yá owó èlé rí ní ọjà Ìwó á mọ̀ pé èyí kò burú. Àwọn tí ń pariwo pé Ṣáínà ti gbé wa mì kò ka owó kí wọ́n tó pariwo.

Àdéhùn ni ó ń kọ mí lóminú. Ní 2020, àwọn aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ké gbàjarè nígbà tí wọ́n rí i nínú ìwé kan tí ìjọba ti tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú báńkì Exim ti Ṣáínà ní 2018 pé a ti jọ̀wọ́ ààbò tí òfin fún orílẹ̀-èdè olómìnira pé kí ẹnikẹ́ni má lè pè é lẹ́jọ́. Àwọn kan ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé owó àyálò, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, ọdún méjì ti gorí ìwé náà kí ariwo rẹ̀ tó sọ. Onígbọ̀wọ́ wo ni ó ń gbọ́ àdéhùn lẹ́yìn ọdún méjì?

Ohun tí àdéhùn lè dà, a ti rí i lára ọ̀ràn Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2016, ìjà dé láàrin ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan láti Ṣáínà, Zhongshan Fucheng, lórí agbègbè òwò ọ̀fẹ́ kan. A lé ilé-iṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀. Ní 2021, àwọn onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé kí Nàìjíríà san owó tí ó ju mílíọ̀nù dọ́là 55 lọ. A kò san án. Ní oṣù kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Paris fún wọn láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé bàálù mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Láyé àtijọ́, ológò ni à ń pe ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè: á wọ agbo ilé, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, adìẹ tí ó bá kọjá á di tirẹ̀, kò sì ní í bèèrè pé adìẹ ta ni. Ọmọ ilé kan ni ó dá ọ̀ràn. Adìẹ baálé ni ológò mú.

Àwọn àgbà ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ọ̀rọ̀ gbèsè ìjọba, òwe yìí kì í ṣẹ. Àgbà a jẹ, a sì lọ sinmi. Ọmọ tí kò sí nídìí àwo ni igbá ń dúró dè. Ẹnì kan lè wí pé kí ọmọ náà kọ̀ láti san ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Bí ọmọ náà bá sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ti jẹ nínú owó náà. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni èyí: nígbà tí a fi orúkọ rẹ̀ yá owó, kí ni a rà fún un? Bí ó bá jẹ́ ohun tí yóò mọ̀ ọ́n ṣe, tí yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe, a kò rẹ́ ẹ jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ni yóò máa bá a tún un ṣe títí láé, ìwọ̀fà ni a fi í ṣe, olówó ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ará Ṣáínà.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn gùn ní kìlómítà 157. CCECC, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà, ni ó ṣe é. Ààrẹ Buhari sì ṣí i ní oṣù kẹfà 2021. Mọ́níyà ni ó parí sí. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìwó. 2017 ni a tọwọ́ bọ ìwé owó rẹ̀. Nígbà tí ogún ọdún rẹ̀ bá pé, ní nǹkan bí 2037, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìwó lọ́dún tí a tọwọ́ bọ̀wé náà yóò ti tó ẹni tí ń dìbò yan àwọn tí yóò tọwọ́ bọ òmíràn.