Ojúṣe Wa Lórí Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí èèyàn bá ń ṣe ohun tó ń pa ẹlòmíràn lára, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì rí i, ṣé ó yẹ kó yí ìṣe rẹ̀ padà? Ẹ jẹ́ ká fi oko ìrẹsì wò ó.

Bí omi bá bo oko ìrẹsì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, atẹ́gùn kì í lè wọ inú ilẹ̀ mọ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí a máa jẹ koríko àti gbòǹgbò tó ń rà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan a sì ti ibẹ̀ jáde, tí à ń pè ní mẹ́tánì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná. Bí ayé bá sì ń gbóná, òjò kì í mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ ni ìyà náà kọ́kọ́ ń jẹ.

Àgbẹ̀ kan lè sọ pé: «Oko mi kéré. Ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ ló ń ba ayé jẹ́ jù. Kí ló kàn mí?» Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀bi wa kò dọ́gba. Ẹni tó bà á jẹ́ jù ló yẹ kó san jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yàtọ̀ sí ojúṣe. Bí ẹ bá rí ẹ̀gún lójú ọ̀nà, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi í síbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó mú un kúrò kó má baà gún ọmọ ọlọ́mọ.

Kò sì yẹ ká ní kí ẹni tí ebi ń pa pàdánù ìkórè rẹ̀. Ọ̀nà tó wà kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ ri ọpá oníhò kan mọ́ ilẹ̀ oko, kí ẹ lè máa rí ibi tí omi dé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ tún ìrẹsì gbìn, ẹ jẹ́ kí omi fà wọlẹ̀ tó sàǹtìmítà 15, kí ẹ tó tún fa omi sí i. Nígbà tó bá ń tanná, ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ. Bí a bá ṣe é dáadáa, mẹ́tánì lè dín kù tó ìdajì, ìkórè kì í sì í dín.

Ní erékùṣù Bohol ní ilẹ̀ Filipínì, omi kì í tó àwọn tí oko wọn jìnnà sí orísun omi, nítorí àwọn tó wà lókè ń gbà jù. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìsédò tuntun, tí wọ́n sì ń fún oko lómi bí mo ṣe wí yìí, omi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀. Ohun tó dára fún àjèjì tí a kò rí, ó dára fún aládùúgbò pẹ̀lú. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Nínú àbàtà tó jẹ́ pé òjò nìkan ló ń fún un lómi, a kò lè fa omi kúrò bó ṣe wù wá. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko ìrẹsì wà níkàáwọ́ wa. Ẹ má ro ó tútù mọ́ ilẹ̀ nígbà tí omi fẹ́ dé, oúnjẹ ló jẹ́ fún àwọn kòkòrò yẹn. Ẹ má sì sun ún, èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà. Ẹ fún màlúù jẹ, tàbí kí ẹ kó o jọ kó jẹrà di ajílẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn wa rèé: ojúṣe ẹni kò ju agbára ẹni lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i.