Òfin àti Ẹrù Àwọn Nọ́ọ̀sì



Nígbà tí Jẹ́tírò lọ bẹ Mósè àna rẹ̀ wò ní aginjù, ó bá a níbi tí ó jókòó láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń tò níwájú rẹ̀ fún ìdájọ́. Àgbàlagbà náà kò yìn ín fún ìtara rẹ̀. Ó ní ohun tí ó ń ṣe kò dára. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe àárẹ̀ Mósè nìkan ni ó bà á lẹ́rù, bí kò ṣe ti àwọn tí ó dúró dè é pẹ̀lú.

Èyí ni ó wá sí ọkàn mi ní òru ọjọ́ kan tí mo lọ gbàdúrà fún arákùnrin kan ní ilé-ìwòsàn tí èmi kì yóò dárúkọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mo bá nínú wọ́ọ̀dù náà. Ibùsùn 24 ni mo kà. Bàbá kan ń kérora ní ìkángun yàrá. Nọ́ọ̀sì dáhùn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá, mò ń bọ̀,” ṣùgbọ́n kò lè dé ibẹ̀ títí mo fi parí àdúrà mi. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláìláàánú. Ta ni kí a wá dá lẹ́bi?

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin ni wọ́n fi dáhùn. Gómìnà Gray Davis fi ọwọ́ sí i ní 1999, ìwọ̀n náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2004. Níbi tí àwọn tí àìsàn wọn le koko gbé wà, nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ ní ju aláìsàn 2 lọ. Ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, 6, tí a dín kù sí 5 ní 2005. Gómìnà Arnold Schwarzenegger fẹ́ dá ìdínkù yìí dúró, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn láre. Kò ṣe aláìnídìí. Ní 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láti àwọn ilé-ìwòsàn Pennsylvania pé, bí aláìsàn kan bá kún ti nọ́ọ̀sì kan, ewu ikú láàárín 30 ọjọ́ fún ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún a máa fi ìdá 7 nínú 100 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. (Kì í ṣe pé ènìyàn 7 nínú 100 ni yóò kú o.)

Àwọn mìíràn wí pé òfin kò lè dá àánú sí ọkàn ẹnikẹ́ni, àti pé a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni kẹfà. Ní 2018 àwọn ará Massachusetts dìbò, wọ́n sì kọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé òfin kì í dá àánú. Ṣùgbọ́n ará Samáríà nì, ẹnìkan ṣoṣo ni ó bá lójú ọ̀nà. Bí ó bá ṣe pé 24 ni ó bá ńkọ́? Mélòó ni òróró rẹ̀ ìbá tó, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kan náà sì ńkọ́?

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti ilé wa. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí a máa wá kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ, kí a tó jẹ́rìí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Òfin California ka iye aláìsàn. Ìlànà yìí ka iye ọdún. Ó di ẹsẹ̀ ẹni tí ó ru ẹrù, kò sì mú ohunkóhun kúrò nínú ẹrù náà. N kò lè pe èyí ní òdodo.

Kí n tó jáde ní òru náà, mo bi nọ́ọ̀sì yẹn bí òun náà bá ń múra àtilọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní nítorí owó ni? Ó ní owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ ibi tí òun yóò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá pe òun.