Kí A Tó Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń bi mí pé: "Àlùfáà, mo ti rí iṣẹ́ tó sàn jù. Ṣé mo lè dágbére lónìí kí n máa lọ lọ́la?" Ọlọ́hun pa á láṣẹ ní àyà kìíní Súrátul-Máídà pé kí onígbàgbọ́ òdodo máa mú àdéhùn ṣẹ. Bí ìwé ìgbàṣíṣẹ́ rẹ bá ní oṣù 1, gbèsè ọrùn rẹ ni. Bí kò bá sọ iye, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 11, ti là á sílẹ̀: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 bí kò bá tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 bí kò bá tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó lo ọdún 5 sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹni tí ìlọ yín máa pa lára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, ọjọ́ 3 péré ni mo fi dágbére nílé-kéú kan, nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀gá yọ̀ǹda mi, kò bá mi jà. Àwọn ọmọ ni kò rí ẹni bá wọn parí ìwé. Ọ̀gá lè fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ jìn mí. Ta ló bi àwọn ọmọ léèrè?

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olùmú-àdéhùn-ṣẹ. Àmín.